Ọ̀gá Ayamáàpù, iná dà?

Ọ̀gá mi ayamáàpù,

Mo jókòó ti àwọn máàpù àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ yín, USGS tó ń ya máàpù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Centralia ni mò ń wò, ìlú kékeré tí wọ́n ti ń wa èédú ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Ẹ mọṣẹ́, n kò níí purọ́. Íńṣì kan lórí ìwé, 2,000 ẹsẹ̀ bàtà lórí ilẹ̀. Ẹ fa ìlà sára òkè bí olóòlà tó ń kọ ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Odò, ẹ fi aró kùn ún. Igbó, àwọ̀ ewé. Ilé, dúdú bíńtín.

Ṣùgbọ́n iná dà? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, iná ààtàn ran èédú abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, kò sì tíì kú títí dòní. Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, rírú ní í rú. Ti Centralia ń rú látinú ilẹ̀, ẹ̀yin ń kun ewé tútù minimini sórí òkè. Mo mọ̀, ẹ ó ní ojú ilẹ̀ lẹ ń yà, ẹ kì í ya abẹ́. Ẹ kú àwáwí! Abẹ́ ilẹ̀ ló kó àwọn èèyàn wá síbẹ̀, òun náà ló lé wọn lọ.

Yíǹkì elésè-àlùkò yín ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Láyé ìgbà tí ẹ ń lò ó, bí ayé bá ti yí padà, ẹ kì í fẹsẹ̀ débẹ̀ mọ́. Àwòrán inú bààlúù lẹ máa ń wò nígbà náà, ẹ ó wá fi elésè-àlùkò tún máàpù ṣe, bí aládùúgbò tó tojú fèrèsé wo ìjà. Ó kúkú dáa tí ẹ fi àwọ̀ jẹ́wọ́.

Lọ́dún 1984, ìjọba àpapọ̀ ya mílíọ̀nù 42 dọ́là sọ́tọ̀ láti kó ará Centralia kúrò nítorí iná náà. Wọ́n lé ní 1,000 lọ́dún 1980. Ìkànìyàn 2020 bá ẹni 5. Lọ́dún 2002, wọ́n gba nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ wọn pàápàá. Ọmọ Centralia tó bá fẹ́ fi ojúlé bàbá rẹ̀ han ọmọ, àfi kó wá sọ́dọ̀ yín, kó na ìka sí dúdú bíńtín yẹn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má pa máàpù àtijọ́ yìí rẹ́. Bí ẹ bá sì ń ya tuntun, ẹ má gbàgbé àgbélébùú kékeré tí ẹ fi ń sàmì ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́ sórí òkè lọ́dún 1911 ṣì wà níbẹ̀. Orí àpáta ni, wọ́n ṣì ń jọ́sìn nínú rẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọpa ìlà yín