Bí Ọlọ́gbọ́n Ayé Ṣe Ń Gbé Káríà Lé Orí Jíìpù

Ọ̀gá mi, ẹ kú oríire jíìpù. Tòkúnbọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ bí káríà bá ti gun orí rẹ̀? Iṣẹ́ tó ń gba àwọn onísùúrù ní odindi ọjọ́ kan, wákàtí kan ni tiyín.

Ẹ kọ́kọ́ wá káríà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ẹlòmíì. Bí ẹ bá dé ọjà Ládípọ̀, wọ́n á máa bi yín ní ìbéèrèkíbèérè: irú jíìpù wo ni, ọdún wo ló jáde, ṣé ó ní irin gbọọrọ méjì lórí ni, àbí etí tí omi òjò ń gbà ṣàn bíi ti Land Rover àtijọ́? Ẹ dá wọn lóhùn pé orí lorí ń jẹ́. Bí ẹsẹ̀ káríà ò bá wá bá òrùlé mu, òòlù ò wọ́n nílé yín.

Ìwé kan wà tó bá ọkọ̀ wá, tí ẹ fi ń nu dípúsítíìkì. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ iye ẹrù tí orí ọkọ̀ lè gbé sí. Fún Land Rover Defender tuntun tó dé ọjà ní 2020, 168 kílò ni bí ọkọ̀ bá ń rìn, 300 kílò bó bá dúró sójú kan. Ẹ di 300 mú. Ẹni tó bá bèèrè ìdí tó fi jẹ́ méjì ni wọ́n máa sọ fún pé ọkọ̀ tó dúró kì í tẹ búréèkì, kì í já sí kòtò, ẹrù orí rẹ̀ kì í sì í fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún. Wọ́n tún ní ìwọ̀n káríà fúnra rẹ̀ wà nínú 168 yẹn. Bí tiyín bá wọn 40 kílò, 128 ló kù, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì méjì àti ààbọ̀ pẹ̀lú ẹ̀kún ọwọ́ díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ojú ọ̀nà inú igbó lẹ ń lọ, wọ́n ní kí ẹ tún dín in kù. Ahun ni wọ́n.

Ó kù kí a dè é. Wẹ́dà ló yá jù. Kó jó ẹsẹ̀ káríà mọ́ òrùlé, ó parí. Bó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun tú bátìrì kúrò ná, kí iná má baà ba bírẹ́ìnbọ́ọ̀sì jẹ́, ẹ ní wẹ́dà lẹ pè, ẹ ò pe rìwáyà. Páànù òrùlé fẹ́lẹ́, aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á rú èéfín díẹ̀. Ẹ bu omi sí i. Ẹ má kun ojú ibi tó jó. Á dógùn-ún, á lu, nígbà tó bá sì di òjò àkọ́rọ̀, omi á máa kán tó, tó, tó, sí àárín gèlè ìyàwó yín.

Bí ẹ bá taku pé bóòtù lẹ fẹ́, ẹ fi sípánà gígùn dè é títí yóò fi ké. Ẹ má fi rọ́bà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ láyé. (Èmi náà gbọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́nà Ìṣẹ́yìn sí Ṣakí, nǹkan ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lókè, mo bá yí rédíò sókè. Nígbà tí mo dúró ra iṣu, mo gòkè lọ wò ó: nínú nọ́ọ̀tì mẹ́jọ, márùn-ún ló ṣẹ́kù, ìka méjì ni mo sì fi ń yí mẹ́ta nínú wọn bí ìdérí ìgò.)

Ẹrù wá kù. Èyí tó wúwo jù ni kó lọ sókè pátápátá: jẹnẹrétọ̀, táyà, kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 méjì, 40 kílò nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù ni kó wà níwájú, kí oòrùn lè rí i dáadáa. Rọ́bà túùbù ni kí ẹ fi dè é. Ó ń fà, ó ń sún, ẹrù náà á sì máa jó bí ọkọ̀ bá ti ń jó. Ẹ fi tapólì bò ó, kí ẹ jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn, kó máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí agbádá.

Ẹ má wọn gíga rẹ̀ o. Bí ẹ bá ń darí wọlé tí mẹ́gáàdì ń na ọwọ́ méjèèjì sókè lẹ́nu géètì, tó ń ké "Ọ̀gá! Ọ̀gá!", oríire jíìpù ló ń kí yín. Ẹ tẹná.