Eku Tó Ń Jẹ Kóló

Iṣẹ́ akọ̀wé owó ni mo ń ṣe. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, owó olówó ni mo ń kà. Bí kọ́bọ̀ kan bá dín níbẹ̀, mi ò ní jẹun ọ̀sán títí màá fi rí i. Owó tèmi gan-an ni mi ò kì í mọ ọ̀nà tó gbà lọ.

Nígbà tí ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ní ọ̀rọ̀ náà ti sú òun. Ó lọ bá kápẹ́ńtà àdúgbò wa n'Ìbàdàn, ó ní kó kan kóló fún òun: pákó líle, ìṣó yíká, ihò tín-ín-rín lókè. Alájọ á yọ owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè sá lọ. Kóló kì í yọ nǹkan kan, kò sì lẹ́sẹ̀. Àdéhùn wa ni pé kí n máa sọ 500 náírà sínú rẹ̀ lálaalẹ́, láti Ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, títí di Kérésìmesì. Bí mo bá ti sọ ọ́ tán, Ìyá Ìbejì á fa ìlà kan sínú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe ọmọlúàbí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, èéfín súyà gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi. Kò sí kọ́bọ̀ lápò mi. Mo dojú kóló délẹ̀, mo mì ín títí. Owó kò bọ́, ariwo ló ń dún.

"Kí ló ń dún níbẹ̀ yẹn?"

"Eku ni!"

Lọ́jọ́ kejì, mo yọ irin kan lára agbòòrùn mi. Mo jẹ ṣíngọ́ọ̀mù títí adùn rẹ̀ fi tán, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu irin náà, mo sì tì í bọ ihò kóló bí ẹni tó ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja. 2,000 náírà ni mo rí fà jáde. Àṣà iṣẹ́ mi kò wá jẹ́ kí n sinmi: owó kì í jáde láìní ìwé. Mo ya bébà kan, mo kọ ọ́ pé: "Mo yá 2,000 náírà lọ́wọ́ kóló. Màá dá a padà lópin oṣù." Mo kọ déètì sí i, mo buwọ́ lù ú, mo tì í sínú ihò. Ọkàn mi balẹ̀. Mi ò jalè, mo yáwó ni.

Ìyá Ìbejì ní tirẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ eku gbọ́. Ó ra tàkúté, ó dẹ ẹ́ sẹ́yìn kóló. Ìka ọwọ́ ọ̀tún mi ló mú. Ṣíbí ni mo fi jẹ àmàlà lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi ọmọ Ìbàdàn. Ìyá Ìbejì wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Lóṣù Ògún, ọ̀rẹ́ mi kan ń sin bàbá rẹ̀. Aṣọ ẹbí àti fìlà gba 18,000 náírà, bẹ́ẹ̀ àpótí mi kún fún aṣọ ẹbí tí kò ṣeé wọ̀ lọ ibòmíràn, nítorí gbogbo ayé ló mọ òkú tó ni wọ́n. Mo tún fa 25,000 jáde fún ìnáwó. Lẹ́nu géètì, obìnrin kan ń ta owó tuntun: ẹ fún un ní 10,000, yóò fún yín ní 8,000. Mo fi 25,000 ra 20,000. Èmi, akọ̀wé owó! Bí onílù ṣe pe oríkì bàbá mi báyìí, mo lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 ní ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí ìtanràn 50,000 náírà, ó kéré tán, ló wà fún irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Kí ọlọ́pàá tó bá ń ka èyí jọ̀ọ́ fojú fo ìlà yìí.

Mo ti pinnu pé owó ọdún tí wọ́n máa ń fún wa lọ́fíìsì ni màá fi dí gbogbo ihò náà. Àfi bó ṣe di ọjọ́ 26, oṣù Ọ̀wàrà, tí gómìnà báńkì àpapọ̀ kéde pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000, àti pé ti àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù Ṣẹ́rẹ́.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká ja kóló."

"Ariwo ìjọba lásán ni. Wọn ò ní ṣe é."

"Ìjọba Buhari kan náà ló ṣe é lọ́dún 1984. Owó tí màmá mi rán sínú ìrọ̀rí nígbà yẹn di bébà."

Lálẹ́ Àbámẹ́ta, kápẹ́ńtà wá tú ìṣó. Táyé ń ka owó, Kẹ́hìndé ń ka bébà, ó sì ń kà á sókè.

"'Mo yá 3,500 náírà lọ́wọ́ kóló. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni.' Dádì, pàjáwìrì wo?"

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni. Mo ní mi ò rántí.

Ìlà 258 ló wà nínú ìwé Ìyá Ìbejì, ìyẹn 129,000 náírà. 31,500 la bá nínú kóló, àti bébà 14. Ẹ̀rín fẹ́ pa kápẹ́ńtà, ó kọ̀, kò lọ. Ìyá Ìbejì tẹ́ àwọn bébà náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Eku tó mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà," ó ní. "Ó tún ń buwọ́ lùwé."

Nígbà tó di oṣù Èrèlé 2023, owó wọ́n bí ojú. Gbogbo ìlú wá ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ó ṣe mí bíi kí n sọ pé mo ti ṣáájú wọn, mo gbé e mì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 3, oṣù Ẹrẹ́nà, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní náírà àtijọ́ ṣì ṣeé ná títí ọdún náà yóò fi parí, mi ò lè mú un mọ́ra.

"Ìyá Ìbejì, ṣé o rí i? Ká ní o ní sùúrù ni, màá ti dá gbogbo rẹ̀ padà!"

Kò dá mi lóhùn. Ọ̀dọ̀ wẹ́dà ló gbà lọ. Irin ni kóló tuntun náà, etí ìró rẹ̀ ló sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ihò rẹ̀ kò gba irin agbòòrùn. Mo ti dán an wò.