Bí A Ṣe Ń Fi Àwòrán Kúlà Pa Fóònù Oníbàárà: Ìlànà fún Ọ̀gá Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán

Mo gbọ́ pé ẹ ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn tó ń to kúlà síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ògùnpa, n'Ìbàdàn, tí wọ́n ń fi ohùn pe oníbàárà. Ẹ fẹ́ kí ẹni tó wà ní Ìsẹ́yìn máa fi ìka yí kúlà yín lójú fóònù, kó rí iwájú, kó rí ẹ̀yìn, kó ṣí ìdérí rẹ̀, àfi bí ẹni tó dúró tì yín. 3D ni wọ́n ń pè é. Èrò náà dára. Nítorí pé ó dára ni mo ṣe fẹ́ kọ́ yín bí ẹ ó ṣe bà á jẹ́. Ìgbésẹ̀ márùn-ún péré ni.

1. Ẹ má béèrè irú fóònù tí oníbàárà ń lò

Fóònù tiyín ni kí ẹ fi dán an wò, èyí tí owó rẹ̀ tó ra ọ̀kadà. Ẹ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, níwájú fáànù, kí Wi-Fi máa ṣàn. Bó bá ti ń yí geere lọ́wọ́ yín, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Màmá tó ń fi kúlà háyà fún olóde ní Ìsẹ́yìn, tí RAM fóònù rẹ̀ kò ju gìgábáìtì méjì lọ, tí gíláàsì rẹ̀ ti sán láti igun dé igun, ìyẹn mọ tara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku ni wọ́n ń bá wí. Kúlà lẹ̀yin ń tà.

2. Ẹ ya ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní í wò

Ohunkóhun tó bá ń yí lójú fóònù báyìí, onígun mẹ́ta kéékèèké ni wọ́n tò mọ́ra tó fi di odidi, bí aṣọ alábùlẹ̀. Kúlà kò ju ara róbótó, ìdérí àti ọwọ́ méjì lọ. Ẹgbẹ̀rún díẹ̀ onígun mẹ́ta ti tó o. Ẹ̀yin, ẹ kó mílíọ̀nù kan sí i. Ẹ ya orí gbogbo skúrù. Ẹ ya abẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹ ya fóòmù tó wà láàárín ike inú àti ike ìta, èyí tí ẹni tó ra kúlà gan-an kò ní í rí títí kúlà á fi fọ́.

Kí àwòrán tó lè yí láìkọsẹ̀, fóònù ní láti yà á lákọ̀tun nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ kó máa làágùn. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ ya méjì, èyí tó kún fún ìgbà tí kúlà bá súnmọ́ ojú, èyí tó fúyẹ́ fún ìgbà tó bá jìnnà, ẹ bi í bóyá òun ló ń sanwó ayàwòrán.

3. Ẹ gbàgbé pé gààrí máa ń wú

Àwòrán òdòdó tó wà lára ìdérí, ẹ jẹ́ kí ìbú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 4096, kí gíga rẹ̀ jẹ́ 4096. Kí ẹ wá fún un pọ̀ sínú JPEG, kí ẹ máa yangàn pé mẹ́gábáìtì mẹ́ta péré ni. Ọ̀gá mi, gààrí ni JPEG. Nínú ọ̀rá, kóńgò kan ni. Ẹ bu omi sí i, abọ́ ò gbà á mọ́. Bí àwòrán yẹn bá dénú fóònù, ó gbọ́dọ̀ tú ká kí fóònù tó lè fi bo kúlà lára: píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á gba báìtì mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á di mẹ́gábáìtì 64. Bí ẹ bá dín in kù sí 2048, á di 16. Bí ẹ bá dín in kù sí 1024, á di 4. Irú ìfúnpọ̀ tí kì í wú nínú fóònù wà, ETC2 àti ASTC lorúkọ wọn. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni nípa wọn. Ojú fóònù màmá yẹn kò fẹ̀ ju píksẹ́lì 720 lọ, kò sì ní í rí ìyàtọ̀ kankan, àyàfi pé fóònù rẹ̀ á dákú.

Ará Ògùnpa ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí nǹkan bá wú ju àyè rẹ̀ lọ. Ní 31 August 1980, òjò rọ̀, odò Ògùnpa tí a ti da ìdọ̀tí dí, tí a kọ́lé há bèbè rẹ̀, ya wọ ìgboro. Ó gbé ẹ̀mí lọ, ó gbé dúkìá lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi kọnkéré la ojú odò. Omi tó ju ọ̀nà rẹ̀ lọ kì í bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé pé mo sọ ọ́, ẹ jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ.

4. Ẹ fi ohun kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo ayé

Ní 2010, Ethan Marcotte, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ojú ewé ayélujára kan náà lè máa pa ara rẹ̀ dà, bí ojú ẹ̀rọ bá ṣe fẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kó máa sọ tirẹ̀. Bí tiyín ṣe wà lórí kọ̀ǹpútà ni kó wà lórí fóònù: lẹ́tà bí ẹsẹ̀ èèrà, àwọ̀ eérú lórí funfun, kí ẹni tó dúró sínú oòrùn má lè kà á. Kí bọ́tìnì "Rà á" má ju hóró ìrẹsì lọ, kó sì lẹ̀ mọ́ "Fagi lé e" típẹ́típẹ́. Iye owó ńkọ́? Abẹ́ ìdí kúlà ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹni tí kò bá yí i débẹ̀ má mọ̀. Ẹ má sì fi fọ́tò lásán síbẹ̀ kí 3D tó dé. Funfun báláú ni kí wọ́n máa wò, kí dátà wọn máa lọ.

5. Bó bá dákú, ẹ wá ẹni tí ẹ ó dá lẹ́bi

Fóònù tó bá gbóná jù a máa dín eré ara rẹ̀ kù kó lè tutù. Kúlà yín á wá máa yí bí ìgbín. Màmá á pè yín: "Bọ̀dá, fóònù mi ti gbóná bí ààrò o. Èló tiẹ̀ ni kúlà ọ̀hún?" Ẹ má dárúkọ owó. Ẹ ní: "Màmá, nẹ́tíwọọ̀kì yín ni. Bí ẹ bá dé Ìbàdàn, ẹ yà lọ́jà fóònù ní Queen Cinema, kí ẹ pààrọ̀ fóònù yẹn."

Láàárín àkókò yìí, ìyá tó ń ta kúlà níwájú yín, tí kò gbọ́ 3D rí, á gbé kúlà tirẹ̀ lé orí kéréètì, á fi kóńgò ìrẹsì tì í kí èèyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó, á ya iwájú, á ya ẹ̀gbẹ́, á ya inú, á ya ìdérí. Á fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìyẹn á sì bá a fún wọn pọ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́. Á kọ iye owó sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà.

Bí ẹ bá gbọ́ tí fóònù rẹ̀ dún pé owó ti wọlé láti Ìsẹ́yìn, ẹ má wo ọ̀hún. Ayàwòrán yín ni kí ẹ pè, kí ẹ sọ fún un pé àwọn skúrù abẹ́ ìdí kúlà kò tíì dán tó.