Ìṣákọ́lẹ̀ Orin

Àwọn àgbà tí wọ́n sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, pé bí kò bá fún un lẹ́sẹ̀ a ṣo ó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dé etí òkun California kí ó tó sọ̀rọ̀. Nítorí ìbá ṣe pé ẹnìkan nínú wọn rin ìrìn-àjò dé Sausalito, lódìkejì omi sí ìlú San Francisco, lọ́dún 1998, tí ó sì yọjú wo ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan níbẹ̀, ìbá rí géńdé mẹ́rin, olówó tabua, tí rẹ́kọ́ọ̀dù tiwọn fúnra wọn ti tà káàkiri ayé ju iye tí ẹnu lè kà lọ, tí wọ́n jókòó ti àpótí aṣọ ẹlòmíràn, tí wọ́n ń wọn ṣòkòtò onílé wò lẹ́yọ lẹ́yọ, tí gbogbo rẹ̀ sì ń bá wọn mu rẹ́gírẹ́gí.

Metallica ni wọ́n ń pè wọ́n: Metallica ọmọ a-ta-jìtá-bí-ààrá-sán, ọmọ a-fi-ariwo-jí-òkú, ọmọ aláṣọ dúdú bíi kóró iṣin. Heavy metal ni orúkọ irú orin tí wọ́n ń kọ, orin tí ó jẹ́ pé bí ó bá ká àjèjì mọ́lé lójijì, aṣọ tí ó sá síta ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ kó, nítorí yóò rò pé òjò ti ṣú. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n gbé àwo orin tí wọ́n pè ní Garage Inc. jáde, abala méjì, tí orin 11 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ wà nínú èkíní, tí orin 16 tí wọ́n ti kọ káàkiri láti ẹ̀yìn wá sì wà nínú èkejì. Ẹni tí ó bá fi fìtílà wá èyí tí wọ́n fi orí ara wọn rò nínú orin 27 náà, epo ni yóò tán nínú fìtílà rẹ̀. Nínú àwòrán tí ó wà lójú àwo náà, tí Anton Corbijn yà, wọ́n múra bíi mọkáníìkì. Ó bójú mu bẹ́ẹ̀, nítorí ta ni ó rí mọkáníìkì rí tí ó jẹ́ pé mọ́tò ara rẹ̀ ni ó kún ọgbà rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òní. Lars Ulrich, ọmọ ilẹ̀ Denmark tí ń lu ìlù fún wọn, kò ju ọmọ ọdún 17 lọ nígbà tí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1981, nítorí àtifojú rí ẹgbẹ́ Diamond Head, àwọn ọmọ Stourbridge. Nígbà tí wọ́n ṣeré tán ní Woolwich, ọmọ náà tọ̀ wọ́n lọ, kò níbi tí yóò sùn, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n, wọ́n mú un relé, ó ń sùn sílẹ̀ nínú yàrá Brian Tatler tí ń ta jìtá. Nígbà tí àlejò yìí ń padà lọ, kò gbé abọ́, kò gbé aṣọ. Orin ni ó gbé lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1982, tí Metallica kọ́kọ́ ṣeré ní gbangba ní ìlú Anaheim, orin 9 ni wọ́n kọ, 2 péré ni tiwọn, 4 nínú èyí tí ó kù sì jẹ́ ti àwọn tí wọ́n gba àlejò sílé ní Stourbridge. Ní ìgbà náà lọ́hùn-ún wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ là á yé àwọn ònwòran pé orin onílé ni, àwọn ònwòran náà kò sì béèrè.

Lọ́dún 1987, wọ́n tún kó orin ẹlòmíràn 5 jọ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré kan, wọ́n sì fi iye owó rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, dọ́là 5.98, kí oníṣòwò kankan má baà fi èrú bu owó lé e lórí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, mo ní irú àánú mẹ̀kúnnù wo nìyí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kí n tó rí i pé nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù kan náà di ti CD, orúkọ náà ti di dọ́là 9.98. Gáréèjì tí wọ́n sì kọ mọ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n fi ń yangàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi àwọn orin náà dánra wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ìgbohùnsílẹ̀ àwọn olówó ní Los Angeles ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bá wọn jà nítorí orin àtúnkọ. Ẹgbẹ́ Slayer ti ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1996, olórin Ozzy Osbourne ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2005. Ó ti di àṣà láàárín àwọn olórin heavy metal pé bí ọgbọ́n inú bá fẹ́ sinmi díẹ̀, kí wọ́n lọ kí àwọn bàbá wọn nílé. Òfin Amẹ́ríkà pàápàá fi ọwọ́ sí i láti ọdún 1909, nígbà tí dùùrù tí ń fúnra rẹ̀ kọrin láti inú bébà tí wọ́n lu ní ihò gbòde kan: bí orin kan bá ti jáde síta lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ó wù ú lè tún un kọ láìlọ dọ̀bálẹ̀ fún onílé, bí ó bá ṣáà ti lè san ìṣákọ́lẹ̀, tí ó jẹ́ sẹ́ǹtì 7.1 lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lọ́dún 1998, fún orin tí kò bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Metallica kó orin Diamond Head 4 sínú Garage Inc., Tatler sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé owó tí ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá gbe òun gidigidi. Ẹni tí ó fi ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ṣe ẹní fún àlejò, tí ilẹ̀ náà sì ń pa owó fún un títí di ọjọ́ ogbó, èmi kò mọ ohun tí a lè pè é bí kò ṣe olóríire.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn dé mùdùnmúdùn ni orin kan nínú Garage Inc. tí wọ́n ń pè ní Whiskey in the Jar, orin àtayébáyé ilẹ̀ Ireland, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dá a. Ẹgbẹ́ Thin Lizzy ti ìlú Dublin ni ó fi jìtá oníná tún un ṣe lọ́dún 1972, ti Thin Lizzy yìí ni Metallica sì tẹ̀lé. Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣòro: ọlọ́ṣà kan dá ọ̀gágun lọ́nà, ó gba owó ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ fún olólùfẹ́ rẹ̀, Molly, Molly sì tà á fún àwọn tí ń wá a. Àwọn baba wa béèrè pé ẹni tí ó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Àwọn ará Amẹ́ríkà dáhùn ìbéèrè náà ní oṣù kejì ọdún 2000: wọ́n gbé ẹ̀bùn Grammy fún Metallica lórí orin ọlọ́ṣà yìí.

Oṣù méjì kò tíì pé lẹ́yìn ẹ̀bùn yìí tí Metallica fi gbé Napster, ilé iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń tipasẹ̀ rẹ̀ pín orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ sí kóòtù, ẹ̀sùn wọn sì ni pé àwọn ọmọ aráyé ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àdàkọ orin àwọn fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú oṣù karùn-ún, Ulrich fúnra rẹ̀, àlejò àná ní Stourbridge, gbéra lọ sí ọ́fíìsì Napster ní San Mateo, pẹ̀lú àpótí lórí àpótí tí ó kún fún bébà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn aládàkọ tí ó lé ní 300,000 sí, pé kí Napster lé gbogbo wọn jáde. Èmi kò pe ẹnikẹ́ni ní olè o, orin olè ni mo ní wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Ó sì yẹ kí wọ́n mọ ọ̀nà náà dáadáa, nítorí kásẹ́ẹ̀tì tí ó kọ́kọ́ gbé orúkọ wọn kiri lọ́dún 1982, ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ara wọn láìsan kọ́bọ̀ ni ó gbé e láti ìlú dé ìlú. Nígbà náà, ìfẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Òfin wà lẹ́yìn wọn, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí òfin náà ṣiṣẹ́ dé òpin nígbà náà. Bí ọ̀gágun tí wọ́n dá lọ́nà yẹn bá ní àrọ́mọdọ́mọ kan tí ó ṣẹ́kù sí agbègbè Cork tàbí Kerry ní Ireland, kí ó tètè lọ wá lọ́yà, kí ó béèrè owó bàbá ńlá rẹ̀ pẹ̀lú èlé, kí ó sì gba díẹ̀ kún un nínú ti àwo orin. Kò ní í ṣe wàhálà àtiwá ẹlẹ́rìí: Molly wà ńlẹ̀, ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.