Ẹ̀gbọ́n Adékúnlé Iginla, ọwọ́ yín dà?

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìsinmi o. Láti ọdún 2018 tí ẹ ti pa họ́kì orí yìnyín tì ni ọ̀rọ̀ yín ti ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bàbá yín, Elvis Iginla, ọmọ Yorùbá, lọ sí Kánádà, ó di lọ́yà. Ọmọ tó wá bí sí Edmonton lọ́dún 1977 ní yíyọ̀ lórí yìnyín lòun máa fi jẹun. Nílé wa níbí, ẹni tó bá yọ̀, "pẹ̀lẹ́" là ń kí i. Ẹ̀yin yọ̀ yọ̀ yọ̀ títí ẹ fi di olówó.

Mi ò ní jẹ ẹ̀tọ́ yín mọ́ yín lọ́wọ́. Góòlù 625 nínú NHL, líìgì họ́kì Àríwá Amẹ́ríkà, kì í ṣe ẹnu lásán. Ní Salt Lake City lọ́dún 2002, ẹ gbá méjì sáwọ̀n Amẹ́ríkà, Kánádà fi 5–2 gba wúrà, ẹ sì di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín músẹ́ ẹnu yín yẹn, ta lẹ fi ń tàn jẹ? Gbogbo ayé ní ọmọlúàbí ni yín. Àṣekágbá Ife Stanley, ife NHL, lọ́dún 2004 ńkọ́? Ẹ̀yin àti Vincent Lecavalier ti Tampa Bay, ìràwọ̀ ńlá méjì, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ẹ gbá ara yín láṣọ mú, ẹ̀ṣẹ́ wá ń fò. Rẹfirí lé ẹ̀yin méjèèjì lọ jókòó bí ọmọ iléèwé tó ń pariwo ní kíláàsì. Ẹ padà wọlé, ẹ gbá góòlù, Calgary, ikọ̀ yín, borí 3–0. Àbí ìjà lẹ fi ń ṣí ojú ara ni?

Síbẹ̀, nígbà tí ẹ gbá a dé eré keje, Tampa Bay, ìlú olóoru yẹn, ló gbé ife náà lọ.

Ti ọdún 2013 ló wá le jù. Nígbà tí ẹ ń kúrò ní Calgary, Boston ń fẹ́ yín, ẹ ní Pittsburgh lẹ ń lọ. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ, Boston fi eré 4–0 na Pittsburgh. Góòlù méjì péré ni gbogbo ikọ̀ yín rí gbá nínú eré mẹ́rin. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, jẹ́sì Boston ló wà lọ́rùn yín! Ẹ tún wá ife náà dé Colorado, ẹ wá a dé Los Angeles. Ṣé ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè ni?

Ó dáa, ẹ máa ń ṣoore. Ní Òlíńpíìkì Vancouver lọ́dún 2010, Crosby, akẹgbẹ́ yín nínú ikọ̀ Kánádà, ké "Iggy!", ìnagijẹ yín, wọ́n sì ti ń gbé yín ṣubú nígbà tí ẹ ta rọ́bà dúdú tí ẹ ń gbá sí i, ó bá fi gba wúrà fún Kánádà. Ẹni tó ń ṣubú lọ, ó tún ń pín nǹkan!

Nígbà tí àwọn ikọ̀ NHL ń yan ọ̀dọ́ eléré lọ́dún 1995, ẹni kọkànlá tí wọ́n mú ni yín. Tij, ọmọ yín, ẹni kẹfà ni lọ́dún 2024, Utah ló mú un. Ó ti fò yín kọjá nìyẹn. Tó bá wá gbé ife yẹn wọlé lọ́jọ́ kan, tó gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, ibo lẹ máa kọjú sí?

Èmi ni,
Àbúrò yín tó jẹ́ pé inú kúlà nìkan ló ti ń rí yìnyín.