Igbá Ọgbọ́n Ìjàpá

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí àwọn ẹbí mi tó sọ ọ́ lásọdùn: èmi ni mo tiná bọ àbúrò bàbá mi nídìí. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìmọ̀ ló pọ̀ jù lórí mi.

Ọkọ̀ ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ ló fa gbogbo ẹ̀. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Òjó, lójú ọ̀nà Badagry, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa. Nígbà tó di ọdún kejì, bàbá mi, tíṣà ni wọ́n, fi owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, tí wọ́n tọ́jú kún owó tí wọ́n yá, wọ́n sì wa ìjàpá tiwọn wọ Ìbàdàn. Kí wọ́n tó pa ipò dà, ọkọ̀ náà ti lo ọdún mọ́kànlá lábẹ́ igi máńgòrò, adìẹ sì ti sọ ìjókòó ẹ̀yìn di ibi ìyẹ́yin. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ká tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Mo ní ó di èèwọ̀. Ó ṣáà ti pé ogún ọdún tí mo ti ń wa Toyota. Mo mọ plọ́ọ̀gì pààrọ̀, mo mọ ọ́ìlì dà. Kí ló tún kù nínú ọkọ̀?

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate, mo ní kí wọ́n bá mi mú ọmọrí radiétọ̀ ìjàpá wá. Ọmọ iṣẹ́ wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ wò mí.

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Mo tilẹ̀ fi kún un pé ojúlówó ni mo fẹ́. Ẹ̀rín sọ láti ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó gba gbogbo ìlà náà dé òpin. Ìjàpá kò ní radiétọ̀! Kì í mu omi. Fáànù ńlá kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì náà sì wà. Ẹni tó gbọ́n ì bá bá wọn rẹ́rìn-ín, kó sì jókòó bi wọ́n léèrè ohun tí kò mọ̀. Èmi ní mo kàn ń dán wọn wò ni, bóyá wọ́n mọ iṣẹ́ wọn.

Láti fi hàn pé mo mọ ọjà, mo dá kọ́ńtáàkì tí wọ́n gbé fún mi padà torí pé "Fusca" ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Mo ní ìjàpá ni mo wí, kì í ṣe Fusca. Mo mú èyí tí wọ́n kọ "Germeny" sí lára. Ó yọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá gbọ́ pé Fusca ni wọ́n ń pe ìjàpá ní Brazil, àti pé àwọn ará Jámánì kì í ṣi orúkọ ìlú wọn kọ.

Lẹ́yìn náà ni mo ra bátìrì. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ni bátìrì ìjàpá máa ń wà. Ọlọ́jà gbé èyí tó bá a mu fún mi. Mo ní kó gbé irú èyí tí àwọn bọ́ọ̀sì akérò ń lò wá, ṣebí agbára kì í pọ̀ jù. Nígbà tí mo délé, bátìrì náà ga ju ibi tí wọ́n ṣe fún un lọ. Ìbòrí rẹ̀ kò ráàyè mọ́, mo bá jù ú sígbó. Mo fi ìjókòó bò ó mọ́lẹ̀, mo sì fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ kó lè wọlé.

Ọjọ́ kejì, mo tú wáyà plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò sàmì sí ìkankan. Ìgbà tí mo máa dá wọn padà, mo tò wọ́n ní 1-2-3-4, bí ọmọ iléèwé ṣe ń tò. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó dún gbòlà! Ó tún dún gbòlà! Ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa sá fi agbada sílẹ̀ lórí iná. Onílé kejì pariwo "Olè!" láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan tó ń kọjá lọ ló yọjú lórí ògiri.

"Dádì, ẹ kú iṣẹ́. 1-4-3-2 ni wọ́n ń tò ó o, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo dúró títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀, mo wá tò ó ní 1-4-3-2. Ẹ́ńjìnnì náà jí, ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ti rí ọgbọ́n rẹ̀.

Ó wá ku bẹ́líìtì. Pọ́ọ̀lì tó gbé e dúró jẹ́ awẹ́ méjì, wásà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì wà láàárín wọn. Bí wásà bá ṣe pọ̀ láàárín tó ni bẹ́líìtì ṣe máa dẹ̀ tó. Èyí tí wọn kò bá lò, ìta ni wọ́n ń tò ó sí, lábẹ́ nọ́ọ̀tì, kó má baà sọnù. Èmi rí wásà níta, mo ní mẹkáníìkì ọ̀lẹ kan ló ṣe irú èyí. Mo kó gbogbo wọn sáàárín.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, àbúrò bàbá mi obìnrin ní kí n gbé òun lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan nítòsí Ọjà'ba. Màmá náà wọ aṣọ òfì, wọ́n wé gèlè, wọ́n sì lọ jókòó sẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí àwọn olówó máa ń jókòó sí. Wọn kì í ṣe ẹni tó fúyẹ́.

Bí a ṣe ń gun òkè Màpó, iná pupa kékeré kan tàn níwájú mi. Nínú Toyota mi, bátìrì ni irú iná yẹn ń sọ, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bátìrì. Mo ń gùn lọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bẹ́líìtì kan náà tó ń yí jẹnẹrétọ̀ ìjàpá ló ń yí fáànù tó ń tù ú lára. Bí iná yẹn bá tàn, ńṣe là ń dúró wàrà.

"Àkànní, ibí yìí ń gbóná o."

"Màmá, ẹ má fòyà. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ó gbọ́dọ̀ gbóná."

Ẹ wo bí mo ṣe fi ìwọ̀nba tí mo mọ̀ pa ẹnu wọn mọ́.

"Àkànní, mo ní ìdí mi ń jó!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Èéfín ti bo gèlè. Irin ìjókòó ti tẹ orí bátìrì, tìmùtìmù àtijọ́ sì ti gbiná. Awakọ̀ takisí Míkírà kan ló fa màmá jáde, tó wọ́ ìjókòó náà sójú títì. Àwọn obìnrin ọlọ́jà bu iyẹ̀pẹ̀ lù ú títí iná fi kú. Kò sí ohun tó ṣe màmá lára, ṣùgbọ́n òfì wọn ti lu ihò tó tó àwo ọbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ti gbóná débi tó fi kú fúnra rẹ̀.

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì alátẹ kan, wọ́n ń wò mí.

"Àkànní, àlọ́ wo ni mo pa fún yín jù nígbà tí ẹ wà ní kékeré?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú igbá, ó gbé e kọ́ àyà, igi kò sì ṣeé gùn. Ẹni tó ń kọjá lọ ló sọ fún un pé kó gbé e sẹ́yìn.

"Ìjàpá ṣáà ní igbá," ni wọ́n wí. "Tìrẹ dà?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wá ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì yẹn lọ. Ó ní fáàfù sílíńdà kẹta ti jóná, nítorí òun ló máa ń gbóná jù. Ó ka wásà mi, ó gbọn orí, kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń wá, iṣẹ́ tèmi sì ni kí n máa gbé tọ́ọ̀ṣì dání. Ìjàpá ń rìn báyìí. Màmá ń wọ̀ ọ́, àmọ́ iwájú ni wọ́n ń jókòó, wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìjókòó wò.

Ní Gate, wọn kò béèrè orúkọ mi rí. Bí mo bá ti yọ lókèèrè, ẹ óò gbọ́ tí wọ́n ń ké pé, "Bàbá Ọlọ́mọrí Radiétọ̀!" Mo máa ń jẹ́ wọn.