Bàbá Tẹ́lọ̀ Gun Òkè

Ẹ sún mọ́ bí, kí n má pariwo, torí wíńdò rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ṣebí ẹ mọ Bàbá Tẹ́lọ̀ wa? Ẹni tí kò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láǹlọ́ọ̀dù láì sinmi lẹ́ẹ̀mejì? Òun kan náà ló gun òkè o! Wasson Peak lórúkọ rẹ̀, lẹ́bàá Tucson ní Arizona, níbi tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé. Ẹsẹ̀ bàtà 4,687 ni téèyàn bá kà á láti etí òkun. Mọ́tò ló kúkú gbé wọn rìn díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ má sọ pé èmi ni mo wí.

Aṣálẹ̀ ni agbègbè yẹn, èmi sì rò pé iyanrìn lásán ni aṣálẹ̀. Bàbá ní irọ́ ni, igi pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan wà, palo verde, tí èèpo ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Èèpo yẹn ló fi ń ṣe oúnjẹ tí ewé bá rẹ̀ dànù. Àmọ́ saguaro ni àgbà ibẹ̀. Ẹ rántí orọ́ ẹ̀yìnkùlé wa, tí ewúrẹ́ Ìyá Alákàrà kó sí lọ́jọ́sí? (Ìyẹn náà nítàn tirẹ̀, ẹ jẹ́ n parí èyí ná.) Ó jọ ọ́, àmọ́ orọ́ a máa sun oje funfun, saguaro ní tirẹ̀, omi ló ń tọ́jú sínú. Ó lè lé ní ọdún 50 kó tó yọ apá àkọ́kọ́. Ọmọ Bàbá nawọ́ sí ọ̀kan tí kò tíì lápá, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹgbẹ́ Bàbá. Bàbá ṣí fìlà fún un!

Ó wá sún mọ́ ọn, ó rí i pé ara rẹ̀ ṣẹ́ léraléra látòkè délẹ̀. Wọ́n ní bí òjò bá rọ̀, gbòǹgbò á fa omi, ara á fẹ̀. Bí ọ̀dá bá dé, á tún sún kì.

"Pílíìtì!" ni Bàbá ké. "Ta ló rán an?"

Ẹ mọ̀ pé téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà nílé òkú. Ó fà á yọ, ó fẹ́ wọn ìbàdí igi! Ọmọ rẹ̀ pariwo, Bàbá fẹ̀yìn rìn, ó fìdí kan cholla, igi ẹlẹ́gùn-ún mìíràn níbẹ̀. Ẹ̀gún ìyẹn, ṣe ló dà bíi pé ó fò mọ́ni. Òòyà ni ọmọ fi bọ abẹ́ ẹ̀gún náà, tó fi ta á dànù lára kẹ̀ǹbẹ̀ Bàbá. Bàbá ní òun ò sunkún. Mi ò bá a jiyàn.

Ó ní àwọn dé ṣóńṣó. Mo bi í pé kí ló rí níbẹ̀, ó ní atẹ́gùn.

Mo fẹ́ sọ pé àsọdùn ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé, òjò ṣú, mo bá a ká kẹ̀ǹbẹ̀ yẹn lórí okùn. Ẹ wo àtàǹpàkò mi.